Alùpùpù Ò Mọ Àna

Bí gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé bá tán lọ́kàn mi, Ọjọ́bọ̀ kan á ṣẹ́kù síbẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó mi, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí àkọ́bí mi. Ọjọ́ tí mo na gbalaja sórí títì nínú Festac ni, níwájú ìyá ìyàwó mi, tí akoto wà lórí mi, tí alùpùpù mi sì ń dá lọ sínú gọ́tà láìsí ẹni tó gùn ún. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ti àárín mú un, ẹ ó rò pé orí mi ò pé. Ó pé o. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama. Kò sí ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá tí kò mọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣubú.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí nígbà náà, ara mi le, eyín mi pé àfi méjì. Ohun tí mi ò ní ni iṣẹ́ tí mo máa jí lọ ṣe. Mo ka ìwé ìròyìn tán, mo tún ọwọ́ ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe, mo dúró ti ìyàwó mi nílé ìdáná títí ó fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n lọ wò ó bóyá mo wà níta. Ibi tí mo dúró sí níta ọ̀hún, tí mò ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá, ni mo ti rántí alùpùpù bàbá mi.

Wolé-wolé ni bàbá mi ní Ìkìrun nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìjọba fún un ní alùpùpù kan tó fi ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń yọjú wo ìkòkò omi àwọn èèyàn bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé mi jókòó síwájú, lórí táǹkì epo, a ó yípo ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn dùn ju ọdún Kérésì lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kọ́ mi, ó ní kí n kàwé ná. Mo kàwé. Nígbà tí mo fi kà á tán, alùpùpù ti di irin tó dípẹtà lẹ́yìnkùlé, bàbá mi náà sì ti lọ. Nítorí náà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ọkùnrin tó ti fi àádọ́ta ọdún retí nǹkan kan kì í rọrùn láti dá lẹ́kun.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé obìnrin méjì dúró láàárín èmi àti alùpùpù. Ìyàwó mi, Ìyá Tóbi, nọ́ọ̀sì ni, wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn kán ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í sọ fún mi nípa ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà, bí wọ́n ṣe to ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí irin gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Ìdí oúnjẹ ló máa ń fẹ́ràn láti sọ ọ́. Ẹnìkejì ni ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àkọ́bí Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin, ṣubú lórí ọ̀kadà, ó sì ń tiro títí di òní. Ọjọ́ tó kúrò nílé ìwòsàn, a kóra jọ gbàdúrà. Màmá gbé Bíbélì sókè, ó ní kò sí ọmọ òun, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ọmọ òun, tó gbọ́dọ̀ gun máṣíìnì mọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè. Gbogbo wa ṣe àmín. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní tèmi ló ròkè jù.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi bẹ ìyàwó mi. Mo bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí nítorí ẹ̀. Níkẹyìn ó rẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Tóbi, mo ti gbọ́. Ẹ rà á," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọjọ́ tí Màmá mi bá mọ̀ pé ẹ̀ ń gun máṣíìnì, ọjọ́ náà ni máṣíìnì ọ̀hún kúrò nílé yìí. Mi ò ní bá yín jà, mi ò ní pariwo. Ẹ ó kàn wá a tì ni."

Mo ní mo gbà. Kí ló fẹ́ gbé Màmá dé ọ̀dọ̀ wa? Ilé àbúrò ìyàwó mi ló ń gbé, ní apá Amuwo-Odofin lọ́hùn-ún, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, tí kì í jáde àfi bó bá ń lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn ìyá àgbà ní Ọjọ́bọ̀. Mo gbàgbé láti béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé náà.

Ìyàwó mi fúnra ẹ̀ ló ra akoto tí mo máa ń dé. Dúdú ni, ó tóbi bí ìkòkò ìsebẹ̀ òde ìgbéyàwó, ó bo orí, ó bo àgbọ̀n, gíláàsì dúdú sì wà níbi ojú. Ó ní bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ kú, kí ojú mi ṣì ṣe é wò.

Bísí ló kọ́ mi. Obìnrin kan tó ń gbé ní ilé kẹta sí tiwa ni, alùpùpù ló fi ń gbé ẹrù káàkiri Èkó fún àwọn tó ń tajà lórí fóònù. Mo ti rí i tó gba àárín tírélà méjì kọjá ní Mazamaza bí ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀ kọjá. Mo ní bí mo bá máa rí olùkọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó jẹ́.

"Dádì, ẹ fi ọwọ́ òsì fún kíláàṣì, irin ọwọ́ yìí, mọ́ra," ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú kílóòsì wa, ọ̀nà kékeré tí ilé wa wà. "Ẹ fẹsẹ̀ tẹ jíà. Ẹ wá máa fi kíláàṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀."

"Ó yé mi," ni mo wí. "Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé agbára tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ń wá ọ̀nà láti dé ara táyà ẹ̀yìn, kíláàṣì yìí ló sì ń..."

"Dádì, máṣíìnì ò gbọ́ gírámà o. Abeg, ẹ ṣáà fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́."

Mo fi í sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. Alùpùpù fò sókè, ó balẹ̀, ó sì gbé mi gba àárín aṣọ tí ìyàwó alága kílóòsì wa sá sórí okùn kọjá. Nígbà tí mo yọ lódìkejì, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn mi bíi ti ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ, ẹ́ńjìnnì ti kú, mo sì rọra dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn lóòótọ́. Ìyàwó alága ló dúró níbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ aṣọ lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Èmi náà ni mo tún aṣọ ọ̀hún fọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá forí tì í á kọ́ ọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ti lè yípo kílóòsì láìfara kan ògiri ẹnikẹ́ni. Bísí wá ní kí n máa yọjú sí áfẹ́níù, òun á wà níwájú, èmi á máa tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà mìíràn ti dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń lé àwọn ọlọ́kadà kúrò nígboro, ẹni tó bá rí alùpùpù kan ṣoṣo kì í béèrè ta ló ni ín mọ́. Ní Ọjọ́rú kan, mo rọra ń gun bọ́m̀pù kan, Bísí ti lọ síwájú, mo ṣàdédé rí i pé ẹ̀yìn alùpùpù rẹlẹ̀ wọlẹ̀. Ọkùnrin kan ti jókòó sẹ́yìn mi, ó gbé àpò gàrí sáàárín wa.

"Bàbá, ó yá. Agboju."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Èmi kì í ṣe ọlọ́kadà."

"Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń wí báyìí. Ẹ má bẹ̀rù, táásìkì fọ́ọ̀sì ò sí níwájú, ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀."

Bísí ò tíì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró pẹ̀lú èèyàn lẹ́yìn. Nítorí náà mi ò dúró. Mo gbé ọkùnrin náà dé Agboju, àpò gàrí ń tì mí lẹ́yìn bí ẹni ń sọ pé kí n yára. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, àánú mi ṣe é. Ó ní, "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ máa bọ́ yín." Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, inú mi dùn ju bó ṣe dùn mí lọ. Mo ti gbé èèyàn dé Agboju! Bàbá mi ì bá wà láyé kó rí mi.

Inú dídùn yìí ló tì mí jáde lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́bọ̀ ni. Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́, Bísí ti gbé ẹrù lọ sí Ìkẹjà. Mo dé akoto mi, mo bọ́ sórí alùpùpù, mo sì dá jáde láìsí olùkọ́ níwájú. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Oòrùn ò tíì mú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi láyà, mo gba bọ́m̀pù mẹ́ta wọ̀ọ́wọ̀, mo tilẹ̀ fọn fèrè fún ajá kan. Mo ní, ìwọ ọkùnrin yìí, o ti dé ibi tí ò ń lọ.

Bí mo ṣe ń súnmọ́ oríta tí wọ́n ń gbà yà sí Agboju, mo rí obìnrin àgbàlagbà kan lábẹ́ igi, nítòsí fọkanáísà tó máa ń lẹ táyà níbẹ̀. Agbòòrùn wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, báàgì Bíbélì wà lápá rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè, èmi gan-an ló sì nà án sí.

Màmá ni.

 Mo ní, ó ti rí mi, ó ti mọ̀ mí, ó ti parí. Mo fún búréèkì, mo fún kíláàṣì mọ́ra, alùpùpù dúró níwájú rẹ̀ gan-an, tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, tí jíà ṣì wà nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín kí n tó máa lọ. Àwọn ọmọkùnrin Èkó òde òní, ìka kan ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀ bí wọ́n bá ń kí àgbà, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà gbóná. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ìkìrun, àyà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, pàápàá fún àna. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sílé àwọn ìyàwó mi, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, mo sì na gbogbo ara mi sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Mojí, eléyìí ni." Láti ọjọ́ náà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn, n kò rí Màmá rí kí n má dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ara mi kì í bi mí mọ́ kó tó ṣe é.

Lọ́jọ́ yìí náà, kò bi mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ sọdá, mo sì wólẹ̀. Ṣùgbọ́n alùpùpù ò mọ àna. Kíláàṣì tí mo fi sílẹ̀ ló mọ̀. Ó ta pọ́ún lẹ́yìn mi, irin tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé lára rẹ̀ gbá mi ní orúnkún, ó sì ju ojú mi mọ́ títì kí àyà mi tó débẹ̀. Mo gbọ́ tí akoto ha títì gààrà. Mo wá gbọ́ tí alùpùpù ń dá lọ níwájú, ó lọ bí ẹni tó mọ̀nà, lẹ́yìn náà ariwo kan, omi gọ́tà fọ́n sókè, gbogbo nǹkan sì dákẹ́.

"Yéè! Bàbá ọlọ́kadà ti ṣubú o!" Fọkanáísà ló ké bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn Màmá lókè orí mi, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò. "Kò ṣubú," ló wí. "Ó dọ̀bálẹ̀ ni."

Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí yẹn ni làákàyè mi ti padà dé, ó pẹ́ díẹ̀. Mo rántí pé akoto dúdú wà lórí mi, gíláàsì dúdú sì wà lójú mi. Ìyá tó bí mi gan-an kò lè mọ̀ mí nínú rẹ̀. Ká ní mo kàn kọjá lọ ni, Màmá kì bá tí mọ nǹkan kan títí ayé. Mo ní kí n má mira, bóyá yóò máa bá tiẹ̀ lọ. Bàtà rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó fi ẹnu agbòòrùn kan akoto mi, kó, kó, kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

"Ọkọ Mojí," ló wí. "Ṣé o wà níbẹ̀?"

Mi ò mọ ohun tó ṣe ẹnu mi. Mo dáhùn pé, "Rárá, mà."

"Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń kí èèyàn báyìí ní gbogbo Festac. Dìde, ṣí ojú ẹ."

Mo dìde dé orí ìkúnlẹ̀, mo bọ́ akoto. Orúnkún mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti rí òpin alùpùpù mi. Màmá wò mí, ó wo gọ́tà, ó tún wò mí.

"Níbi àdúrà ọjọ́sí, àmín ta ló ròkè jù?"

"Tèmi ni, mà."

"Mo gbé Bíbélì sókè àbí mi ò gbé e?"

"Ẹ gbé e, mà."

Ó bá mi wí títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Mo tẹ orí ba, mò ń sọ pé ẹ má bínú, mà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ìbéèrè kì í kúrò lórí rẹ̀ bọ̀rọ̀. Nǹkan kan ò bá ara mu. Bí Màmá kò bá mọ̀ pé èmi ni títí mo fi dọ̀bálẹ̀...

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mà," ni mo wí jẹ́jẹ́. "Ta lẹ nawọ́ sí?"

 Màmá ṣí agbòòrùn rẹ̀, ó tún pa á dé. Fọkanáísà, tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè, ló dáhùn láti ìdí táyà rẹ̀.

"Ọ̀kadà ni Màmá ń dúró dè! Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá máa ń já wọn síbí, ọ̀kadà ló sì ń gbé wọn wọ inú Agboju. Ẹni tó máa ń gbé wọn ò tíì yọjú lónìí ni."

Àrùn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Mo wo Màmá. Màmá ń wo orí igi.

"Mo ní kí ẹ̀yin má gùn ún," ló wí nígbà tó yá. "Ṣé mo sọ pé èmi ò ní gùn ún ni? Ta ló máa fi orúnkún yìí rìn dé Agboju?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mojí ò gbọ́dọ̀ gbọ́."

"Màmá, kò ní gbọ́ lẹ́nu mi."

"Kò ní gbọ́ tìẹ náà lẹ́nu mi."

Ẹ wò ó, inú mi dùn débi pé mi ò rántí orúnkún mi mọ́. Èmi àti fọkanáísà fa alùpùpù jáde nínú gọ́tà. Dígí rẹ̀ kan ti fọ́, ẹrẹ̀ dúdú bò ó, kò sì gbà láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé Màmá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun ló sì ń ṣí i pẹ̀lú àdúrà. Ó ní kí n nu orí ìjókòó. Mo ní, "Màmá, mi ò tíì mọ̀ ọ́n gùn tó láti gbé yín o." Ó ní, "Ta ló sọ pé màá jẹ́ kí o gbé mi? Tì í."

Báyìí ni Màmá ṣe jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan lórí alùpùpù tó ti kú, tí èmi sì ń tì í lọ sí Agboju, mò ń tiro. Ó gba akoto lọ́wọ́ mi, ó dé e lé orí gèlè, ó ní òun ò lè gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi. Ó ṣí agbòòrùn lé e. Ojú tèmi wá wà ní ìta gbangba. N kò mọ̀ rí pé ọmọ tí mo kọ́ pọ̀ tó báyẹn nínú Festac. "Ẹ káàárọ̀, sà!" láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ kúuṣẹ́, sà!" láti inú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti di lọ́yà báyìí, sọ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó na fóònù síta, ó yà wá ní fọ́tò, ó sì kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí fóònù mi fi dún.

"Bàbá Tóbi, níbo lẹ wà?" Ìyàwó mi ni.

"Mo wà nílé."

"Fọ́tò yín wà lórí Wáàsáàpù ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ ń ti máṣíìnì." Ó mí kanlẹ̀. "Obìnrin wo ló jókòó lórí ẹ̀?"

Mo dúró gbagidi sójú títì. Ẹ bá mi rò ó. Akoto dúdú bo ojú Màmá. Nínú fọ́tò yẹn, ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní Màmá ni, Màmá ti mọ̀ nìyẹn, alùpùpù sì kúrò nílé. Mo sì ti ṣèlérí fún Màmá. Bí mi ò bá ní Màmá ni, obìnrin kan tí mi ò lè dárúkọ ni mo gbé sórí máṣíìnì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí mo sì ń tì kiri Festac lábẹ́ agbòòrùn.

"Bàbá Tóbi, mo ní obìnrin wo ni?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rù ni, ó sì dùn mí dọ́kàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Mo la ẹnu láti sọ òótọ́, kí alùpùpù máa lọ ní tiẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, Màmá ti na ọwọ́, ó gba fóònù. Kò bọ́ akoto. Ó kàn gbé gíláàsì rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Mojí, èmi ni."

Mi ò gbọ́ ohun tí ìyàwó mi sọ. Mo ṣáà rí i tí Màmá ń gbọ́, ó ń mi akoto ńlá náà, ó ń wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni... Ọ̀kadà ni... Láti ọdún tó kọjá... Má pariwo mọ́ mi, èmi ni mo bí ẹ." Ó dá fóònù padà fún mi. Ó ní, "Ọkọ ẹ kọ́ ló sọ ọ́, àbí? Èmi ni mo sọ ọ́. Máa tì í, a ti pẹ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi fọ orúnkún mi. Ó da sípíríìtì sí i bí ẹni ń bu omi rin ẹ̀fọ́, kò sì bi mí bóyá ó ń ta mí. Ó ní, "Èwo ni màá tilẹ̀ bá wí nínú yín? Ọmọ ọgọ́ta ọdún àbí ọmọ ọgọ́rin?" Lẹ́yìn náà ó gbé akoto mi láti fi pamọ́. Ibi tí títì ti ha á fẹ̀ bí ìka, láti ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dé àgbọ̀n. Ó fi ìka rẹ̀ tọ ojú ibẹ̀ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.  Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó yẹ kó bà mí láti àárọ̀ wá bà mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nìyẹn, ká ní kò sí akoto. Orí ìdúró ni mo ti ṣubú, ká má tíì sọ ti eré.

"Ìlérí ni ìlérí," ló wí. "Màmá ti mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kúrò nílé yìí."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò jiyàn rárá. Mo wọ inú yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi bàjẹ́ bíi ti ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́ pé máṣíìnì gbọ́dọ̀ kúrò nílé wọn. Ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ní kò burú, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ibẹ̀ ló wà títí di òní, nínú ọgbà ilé àbúrò ìyàwó mi ní Amuwo-Odofin, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n fi tapólì bò ó. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà létí ìró Màmá, ó so ó ní kókó. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo ń fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá mú un lọ sí ìpàdé àdúrà, a jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀, torí ìyàwó mi ti mú òun náà búra pé òun ò ní gun ọ̀kadà mọ́, àmín tirẹ̀ sì ròkè. Bí a bá dé, yóò jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, yóò tú kọ́kọ́rọ́ fún mi, èmi á gùn ún yípo kílóòsì wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń kà á. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni mo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má jáde láìdé akoto, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ayọ̀ àná gbé wọn jáde láìsí olùkọ́. Èyí tí n kì í sọ fún wọn ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kó tó kí àna.

Màmá ò gbàgbé ìyẹn ní tirẹ̀. Bí mo bá yípo mi tán tí mo padà dé iwájú rẹ̀, tí mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, yóò gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Ṣé o ti pa á?"

"Mo ti pa á, mà."

"Ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀?"

"Ó dúró, mà."

"Ó yá," ni yóò wí, yóò sì tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. "Máa kí mi bọ̀."